Ìwé Ẹgbẹ́ Ni Ẹlẹ́rìí Wa: Ìtàn Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Mọ́tò Ṣe Léṣe Lọ́nà Àgbádárìgì

  

Bí a bá ń ṣe ọdún ẹgbẹ́, ó ti di àṣà wa kí akọ̀wé ka orúkọ àwọn tó ti lọ. Lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n ka orúkọ náà tán, gbogbo ilé dákẹ́. Ogbó ló mú àwọn kan lọ, àìsàn ló mú àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojú ọ̀nà gbé mì nínú wọn kò kéré. Àwọn tí kò kú ńkọ́, tí wọ́n wá di ẹni tí kò lè gbé igbá mọ́? Ìyẹn ni a ṣe ní kí a lo àyè wa nínú ìwé yìí láti sọ ìtàn kan: bí òfin ṣe dé ibi tó fi gbà pé ẹni tí mọ́tò ṣe léṣe ní ẹ̀tọ́, àti ohun tó fà á tí ẹ̀tọ́ náà kì í fi í sábà dé ọwọ́ àwa oníṣòwò.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, a kò ní dárúkọ wọn. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní Mówó, wọ́n ń lọ sí Mile 2. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà nígbà náà, dírẹ́bà wá bọ́ sí apá òdì, ohun tí àwa ń pè ní wọ́ọ̀nù-wéè, ó sì forí sọ tẹ́là. Ìtan ìyá wa kán. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ará ilé ẹni tó ni mọ́tò dé ọsibítù pẹ̀lú ìrẹsì, ọsàn àti 20,000 náírà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, kádàrá ni, ẹ gbà má bínú. Ẹ bá wa tẹ̀ka sí ìwé yìí, kí ọlọ́pàá lè fún wa ní mọ́tò wa." Ìyá tẹ̀ka. Ẹnikẹ́ni kò ka ìwé náà sí wọn létí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí wọn, àti pé àwọn kò ní bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù láéláé. Ìyá kò padà sí ìsọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí àwa ẹgbẹ́ yóò fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ó ti wọ ọdún kẹrin. Lọ́yà mi orí. Ó ní a ti pẹ́ jù.

Kí ni a pẹ́ jù sí? Ìtàn ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

KÍ MỌ́TÒ TÓ DÉ

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, omi ni ọ̀nà wa. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó àgbọn, ẹja, iyọ̀ àti gàrí gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó. Bí ọkọ̀ bá dà, àwọn àgbà ni yóò jókòó sí i, wọn yóò bẹ ẹbí ẹni tó kú, ọ̀rọ̀ á sì tán nílé.

Ní ọdún 1863 ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó, ọdún méjì lẹ́yìn tí Èkó fúnra rẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọdún 1863 yìí kan náà ni wọ́n ṣe é lófin pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù Èkó yóò máa lò. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀tọ́ wa ti ṣẹ̀, àfi kí a yọjú sí òkè òkun díẹ̀.

Òfin àwọn òyìnbó fúnra wọn kò ṣàánú ẹni tí ọkọ̀ pa tẹ́lẹ̀. Ní 1808, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Baker gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní England. Ọtí ni ó ń tà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà nígbà tí ọkọ̀ náà dà. Ìyàwó náà fara pa, nígbà tó sì tó bí oṣù kan, ó kú sí ọsibítù. Baker sọ fún adájọ́ pé obìnrin yìí wúlò púpọ̀ nínú òwò òun. Adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Lord Ellenborough sọ pé ó lè gba owó nítorí ọgbẹ́ tirẹ̀, àti nítorí oṣù kan tí ìyàwó rẹ̀ fi wà lórí àìsàn. Ní ti ikú ìyàwó náà, ó ní ikú èèyàn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè torí rẹ̀ bèèrè owó ní kóòtù. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ọkọ̀ bá ṣe èèyàn léṣe, ọlọ́kọ̀ yóò sanwó. Bí ó bá pa á pátápátá, owó tán. Obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ tajà, òfin kò ka ikú rẹ̀ sí òfò fún ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọdún 38 kí wọ́n tó tún un ṣe. Rélùwéè ti dé, ọkọ̀ ojú irin sì ń pa èèyàn lọ bẹẹrẹ. Ní 1846 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tí àwọn lọ́yà ń pè ní Òfin Lord Campbell. Òfin náà sọ pé bí ẹnì kan bá kú nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn, ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè bèèrè owó ohun tí wọn ìbá máa rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ká ní ó wà láàyè. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ṣe òṣùwọ̀n fún ilẹ̀ yìí: òfin tó kan gbogbo ènìyàn tí ó bá wà ní England lọ́jọ́ náà, kóòtù Nàìjíríà lè lò ó. Báyìí ni òfin 1846 ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó yá, àwọn ìpínlẹ̀ wa náà wá ń ṣe tiwọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn níbẹ̀: "ohun tí wọn ìbá máa rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀". A máa padà sí i.

MỌ́TÒ DÉ, ÌNṢỌ́RÁNSÌ TẸ̀LÉ E

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, mọ́tò pa ìyá kan tó ń jẹ́ Bridget Driscoll nílùú London. Ẹni ọdún 44 ni, òun ni mọ́tò kọ́kọ́ pa nínú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n ní èèṣì ni, wọn kò fi ẹ̀sùn kan dírẹ́bà. Ẹni tó darí ìwádìí náà sọ pé òun nírètí pé irú rẹ̀ kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Lóde òní, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023 pé àwọn tí ojú ọ̀nà ń pa lágbàáyé lọ́dún kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19.

Obìnrin mìíràn ló tún jẹ́ kí òfin ṣí ojú. May Donoghue ni orúkọ rẹ̀, òtòṣì tó ń báni tajà ní Scotland. Ní 1928, ó mu ohun mímu inú ìgò kan, ó sì sọ pé ìgbín tó ti jẹrà ló jáde nínú rẹ̀. Ó pe àwọn tó ṣe é lẹ́jọ́. Kò ní owó tí kóòtù àgbà London ní kí ó fi sílẹ̀, wọ́n sì gbà á láyè gẹ́gẹ́ bí aláìní. Ní 1932, àwọn adájọ́ dá a láre lórí ìlànà òfin. Wọ́n ní gbogbo ẹni tí ìwà wa lè pa lára ni ọmọnìkejì wa lójú òfin, a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí rẹ̀. Orí ìlànà yìí ni ẹjọ́ mọ́tò dúró lé nílẹ̀ wa títí di òní. Dírẹ́bà kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ ẹ rí: gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà ni ọmọnìkejì rẹ̀.

Ó dára, a jàre. Bí ẹni tó jẹbi kò bá ní kọ́bọ̀ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ìnṣọ́ránsì tẹ́ẹ̀dì páátì sílẹ̀. Onímọ́tò ni ẹnì kìíní, kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì ni ẹnì kejì, àwa tí mọ́tò gbá ni ẹnì kẹta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan ní 1930. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin tirẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Lábẹ́ òfin náà, bí kóòtù bá dá ẹni tó fara pa láre, kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ sanwó fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ìdè kan nínú: wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó kọ́ńpìnnì létí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́ńpìnnì lè kọ̀ fún un.

Ara èèyàn nìkan ni òfin 1945 ń wò, kò ka ẹrù sí. Nígbà tí yóò fi di òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003, ó ti di dandan kí ìnṣọ́ránsì mọ́tò gba ohun ìní ẹlòmíràn mọ́ra, kò sì gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù kan náírà. Ìyẹn ni pé bí tẹ́là bá ya wọ ìsọ̀ wa lẹ́bàá ọ̀nà, tó fọ́ gbogbo ọjà, ẹ̀tọ́ wà nínú ìyẹn náà. Òfin 2003 yìí tún ní kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí mọ́tò gbá sá lọ, tàbí tí mọ́tò tí kò ní ìnṣọ́ránsì pa tàbí sọ di aláàbọ̀ ara. Ní 2023, wọ́n gbé owó tẹ́ẹ̀dì páátì mọ́tò ilé láti 5,000 lọ sí 15,000 náírà, owó ohun ìní tí wọ́n lè san sì di mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Ọdún 2025 yìí náà ni wọ́n ṣe òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó rọ́pò òfin 1945 àti ti 2003.

Àwa tí a ń gba Sèmè lọ sí Kútọnu, ẹ má rò pé ẹ̀tọ́ parí sí bodè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé ní Kútọnu níbẹ̀ lórí káàdì ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Mọ́tò tó bá ní in, tó ti Nàìjíríà lọ ṣe èèyàn léṣe ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí tó ti ọ̀hún wá ṣe é níbí, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ yóò dáhùn. Òfin CIMA tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń lò tilẹ̀ pa á láṣẹ fún kọ́ńpìnnì pé kí wọ́n fi iye tí wọn yóò san lọ ẹni tó fara pa láàárín oṣù méjìlá lẹ́yìn ìjàǹbá.

Ọ̀NÀ TIWA

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àjíǹde, ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ojú ọ̀nà. Àwọn ará Dahomey, tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, ti ń wa ọ̀tún láti ayé Faransé. Kó tó di ọjọ́ náà, dírẹ́bà tó bá dé bodè gbọ́dọ̀ yí apá padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì láàárín àwọn ọdún 1970. Ó dùn mọ́ wa. Ẹja tó ń sun orí omi tẹ́lẹ̀ wá ń dé Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe ń yá, bẹ́ẹ̀ ni ikú ń yá.

Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀nà náà di olójú mẹ́wàá, pẹ̀lú rélùwéè láàárín. Iṣẹ́ náà falẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2. Apá ti Agbárá sí Sèmè wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní 2018. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwa ni a ń gba inú kòtò, àwa ni a ń wọ ọkọ̀ tó ń gba apá òdì.

A kò ní ṣàì dárúkọ àwọn tó gbìyànjú. Ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. A rántí oṣù kìíní ọdún 2009, tí wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn dé akoto. Àwọn kan lọ dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, àwọn kan ní àwọn kò lè dé akoto gbogbo ayé nítorí oògùn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Orí tó fọ́ kì í ṣe ẹ̀rín.

Ní 2014, òfin ìlera orílẹ̀-èdè jáde. Ó ní ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tó bá kọ̀, 100,000 náírà ni owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá ná" tàbí "ẹ san owó sílẹ̀ ná" nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ rán an létí òfin 2014.

ÈLÓ NI ỌJÀ WA Ń MÚ WỌLÉ?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Òfin ní ẹni tó kú, kí wọ́n san ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ìbá máa rí gbà. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n san ohun tó pàdánù. Adájọ́ yóò wá bèèrè pé, èló ni? Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò mú ìwé owó oṣù rẹ̀ jáde. Kí ni ìyá ẹlẹ́ja yóò mú jáde?

Ọ̀rọ̀ iye tó ń wọlé fún wa yìí ti di ìjà rí. Ní 1940, ìjọba amúnisìn ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju 50 pọ́n-ún lọ máa san owó orí. Àlímótù Pẹlẹ́wùrà, ìyálọ́jà Èrèkó, ẹlẹ́ja bíi tiwa, kó àwọn obìnrin ọjà jáde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì gbé e lọ sí 200 pọ́n-ún. Ẹ kíyè sí i o. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa, wọ́n gbà pé a ń rówó. Nígbà tó bá kan kí wọ́n san owó fún wa, wọn a ní ta ló mọ iye tí aláàgbọn ń pa. Àwọn ìyá wa jàre pé wọn kò fi ìwé òwò wọn han ìjọba nígbà náà. Ṣùgbọ́n àìní ìwé kankan ti di ìyà fún àwa ọmọ wọn ní kóòtù.

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ní 1935 ni wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílẹ̀ yìí, lẹ́yìn ìwé ìwádìí tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland kọ ní 1934. Ìyẹn ni kóperétíìfù tí a ń ṣe. Òfin náà fẹ́ kí ẹgbẹ́ ní ìwé: ta ló dá èló, ta ló yá èló, ìgbà wo ló san án. Ẹni tó kọ òfin náà kò rò ó pé ìwé yẹn yóò dúró níwájú adájọ́ nítorí ẹni tí mọ́tò pa.

Àmọ́ ó dúró níwájú rẹ̀, ojú wa ló ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta àgbọn àti epo àgbọn kú sínú ìjàǹbá mọ́tò, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ìwé wá bá àwọn ọmọ náà bákan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, a ti kọ́gbọ́n. A ní kí wọ́n gba ìrẹsì, kí wọ́n má tẹ̀ka sí ìwé. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ bá wọn gbé ẹjọ́ lọ. Lọ́yà kọ́ńpìnnì dìde, ó ní kò sí ẹ̀rí pé obìnrin náà ń rí owó kan gidi. Akọ̀wé wa wá gbé ìwé ẹgbẹ́ jáde: owó tó ń dá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yáwó márùn-ún tó gbà, tó sì san pátá, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò rówó kò lè dá irú owó bẹ́ẹ̀. Kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ ni kọ́ńpìnnì ti ní kí àwọn yanjú rẹ̀. Owó náà kò jí òkú dìde. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọ náà fi parí ilé ìwé.

Òótọ́ kan kù tí a gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún là ń ṣe. Òjò ti ba ìwé ọdún méjì jẹ́ nínú ìwé náà. Lọ́yà wọn di ibẹ̀ mú, owó sì dínkù nítorí rẹ̀. Àwa ni a gbé ìwé síbi tí òjò ti rí i. Àwa la ṣe é fún àwọn ọmọ náà.

OHUN TÓ YẸ KÍ A MÁA ṢE

Èkíní, nọ́ńbà mọ́tò. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 122 ti FRSC, tàbí 767 tàbí 112 ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì gba fóònù ẹni tó rí i. Ẹ lè tẹ *565*11# lórí fóònù láti mọ̀ bóyá mọ́tò náà ní ìnṣọ́ránsì.

Èkejì, ìwé. Ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà, risíìtì oògùn, owó mọ́tò lọ sí ọsibítù, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú. Owó tí a bá ná tí a kò ní risíìtì rẹ̀, ó ṣòro kí kóòtù tó dá a padà.

Ẹ̀kẹta, títẹ̀ka. Gbà-má-bínú kì í ṣe owó ẹ̀tọ́. Ẹ gba ẹ̀bẹ̀, ẹ gba ọsàn, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹni tiyín kò kà sí yín létí. Láti 1915 ni òfin ti wà nílẹ̀ yìí tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i.

Ẹ̀kẹrin, àkókò. Ọdún mẹ́ta ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹni tó fara pa láti gbé ẹjọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ni òfin 1916 mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tètè dé etí kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì pẹ̀lú. Ìyá wa ẹlẹ́ja ì bá jàre, ọjọ́ ló jẹ́ kí wọ́n jẹ̀bi.

Ẹ̀karùn-ún, lọ́yà. Ẹni tí kò lówó kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní àjọ Legal Aid, ẹjọ́ ìjàǹbá sì wà lára ohun tí wọ́n ń bá òtòṣì ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú, OPD, sílẹ̀ ní 2000.

Ẹ̀kẹfà ni ti gbogbo wa pọ̀. A dámọ̀ràn níwájú ìpàdé gbogbogbò pé kí ìwé ẹgbẹ́ di méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí èkejì wà ní ilé mìíràn tí òjò àti iná kò lè dé papọ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi káàdì rẹ̀ han ọmọ rẹ̀ kan, kó sọ ibi tí ó ń gbé e sí. Kí ẹni tó ń dá owó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ lójú rẹ̀. Àwa kan máa ń sọ pé, "Akọ̀wé, bá mi kọ ọ́ tó bá yá." Kò gbọdọ̀ yá, ìsinsìnyí ni.

Ní 1808, adájọ́ kan sọ pé ikú obìnrin tó ń tajà kì í ṣe òfò tí a lè bèèrè owó rẹ̀. Òfin ti kúrò níbẹ̀ ó ti pẹ́. Ohun tó kù ni ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì wà nínú ìwé pélébé tí a ń kó sínú àpò lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ má fi wé epo.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ wa, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ wa. Ọ̀nà kò ní pa wá jẹ, ẹrù wa kò ní dànù sójú títì.